Ohun Tó Ń Ṣe Gíà Sisí

Ọjọ́bọ̀, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025

Èmi Jàmílátù ti di onímọ́tò. Píkọ́ọ̀pù ni, aláwọ̀ eérú, ọtọmátíìkì. Ó ti ọwọ́ òyìnbó kan wá, ó gba ọwọ́ Sàbíù àbúrò mi kọjá, ó dé ọwọ́ mi. Ọkọ̀ àlòkù ni Sàbíù ń tà ní Darkuman. Ó ní bíi tuntun ni. Kò sí ohun tí Sàbíù ń tà tí kì í ṣe bíi tuntun. Fíríìjì tó tà fún mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bíi tuntun ni, àfi pé inú rẹ̀ máa ń gbóná.

Mo sọ ọkọ̀ náà ní Sisí. Ó rọra yọ imú síwájú, ó sì ń dán. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń yá àwọn olókùú Accra ní àga àti kánópì, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń bẹ awakọ̀ tó máa bá mi kó o. Tí àga bá pẹ́, èmi ni wọ́n ń bú. Ìyẹn ti parí báyìí.

Sàbíù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú gbogbo agbo ilé. Ó ń fi ìka tọ́ka bíi tíṣà. Ibí ni epo ẹ́ńjìnnì, ibí ni omi. Ó wá fa géèjì gígùn kan jáde látinú ihò tóóró — ibí ni epo gíà. Ó ní gíà ọtọmátíìkì ò gba ìyà, pé inú ihò yìí gan-an ni ẹ̀mí ọkọ̀ yìí wà. Bàbá ní kó tún un sọ. Bàbá wa, alfa, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí wọ́n ti kọ́ ìdajì Nima ní Kùránì, tí wọn ò di ọwọ́ ọkọ̀ mú rí láyé wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ihò náà dáadáa. Wọ́n ní kí Sàbíù fi bí wọ́n ṣe ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì han àwọn. Mo ní Bàbá fẹ́ẹ́ di fítà, ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Jímọ̀, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Bàbá ṣàdúà fún Sisí lẹ́yìn ìrun. Ó gùn. Èèyàn mọ́kànlá ló ń ṣe àmín, mẹ́ta nínú wọn ti ń béèrè bóyá mo lè gbé wọn dé Madina lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá ní kí n máa fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó ní pálọ̀ àwọn, pé níbẹ̀ ni kò ti ní sọnù. Mo gbà.

Àbámẹ́ta, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òkú ní Darkuman, àga igba. Mo débẹ̀ kí òkú tó dé. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

Ọjọ́rú, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Sisí ti ń ronú. Mo fi gíà sí D, ó dúró, ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, lẹ́yìn náà ló fò síwájú bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Mo pe Sàbíù. Ó ní kí n máa jẹ́ kó gbóná díẹ̀ láàárọ̀ kí n tó gbéra. Bíi tuntun, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mu tíì kó tó jáde.

Jímọ̀, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà

Bàbá béèrè bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe. Mo ní ó ń lọ́ra. Wọ́n ní yóò dára.

Àbámẹ́ta, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kò dára.

Òkú ńlá ní Kaneshie. Àga àádọ́jọ, kánópì mẹ́rin, rìbọ́ọ̀nù pupa àti dúdú. Nǹkan bí àádọ́ta ìgbésẹ̀ sí orígun àdúgbò olókùú, Sisí kọ̀. Mo tẹná mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ò yí. Mo yí gíà sí N, mo dá a padà sí D. Ariwo lásán. Mọ́tò tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè, méètì trotro kan, kọ́ndọ́ bọ́ọ̀sì akérò, yọ orí jáde ní fèrèsé, ó ní ṣé mo fẹ́ sun ibẹ̀ ni.

Mo dán ẹ̀yìn wò. Áà. Sisí lọ sẹ́yìn wẹ́rẹ́! Kò ronú, kò ké, kò fò. Ọkọ̀ tí kò fẹ́ lọ síwájú ṣe tán láti máa fẹ̀yìn rìn títí dé Kumasi.

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo fi ẹ̀yìn yí i po, mo kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, mo sì fẹ̀yìn wọ àdúgbò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Àwọn olókùú ti dúró fún wákàtí kan nínú aṣọ dúdú, wọ́n ń wo ìdí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá bá wọn. Olórí ẹbí jókòó sórí kúlà omi. Obìnrin kan fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Accra pè mí, ó pariwo pé, "Alata yìí, ò ń bọ̀ ni àbí ò ń lọ?" Gbogbo ilé òkú bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òkú náà fẹ́ràn àwàdà nígbà ayé rẹ̀. Ìyẹn ló kó mi yọ.

Ọjọ́ Ajé, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Wọ́n wọ́ Sisí lọ sọ́dọ̀ fítà kan ní Darkuman. Orúkọ tí mo sọ ọ́ ni Mástà Awu, nítorí "awu" ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti kú, ní Twi. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò wo epo. Ó ní kí n ṣíná, ó dijú bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí, ó ní, "Madam, gearbox no awu." Gíábọ́ọ̀sì ti kú. Takisí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà, awu. Bátìrì takisí ọ̀hún, awu. Mo rò pé tí mo bá pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, èmi náà á kú.

Ó ní kí n lọ ra gíábọ́ọ̀sì mìíràn tó ti ìlú òyìnbó wá. Ó wá fi kún un pé àwọn tó ń ta àlòkù máa ń da nǹkan kan tó ki sínú gíà tó ń kú lọ, kó lè mí fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tó dákú. Ẹni tó tà á fún mi ti mọ̀, ó dá a lójú.

Ọkùnrin tí mi ò ní gbà gbọ́ tó bá sọ pé òjò ń rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, mo gbà á gbọ́. Mo ní kí wọ́n bá mi wọ́ Sisí padà sí Nima. Jálẹ̀ ọ̀nà, ojú Sàbíù ni mo ń rí.

Ọjọ́rú, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà

A jókòó ní pálọ̀ Bàbá. Èmi, Sàbíù, Bàbá láàárín. Mo rojọ́ mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ fíríìjì náà. Sàbíù ní òun wa ọkọ̀ yẹn fún oṣù kan gbáko kí òun tó gbé e fún mi, pé kò dá wàhálà kankan sílẹ̀, pé orúkọ ara òun ni òun ń bà jẹ́ tí òun bá rẹ́ ẹ̀gbọ́n òun jẹ. Ó wọ aṣọ funfun. Ó múra bí ẹni tó ń bọ̀ wá jẹ́rìí fún ara rẹ̀.

Mo ní kó fi Kùránì búra. Bàbá ò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní Kùránì kì í ṣe fún ọ̀rọ̀ mọ́tò. Mo ní tí kò bá búra, a jẹ́ pé ó mọ̀. Sàbíù lọ ṣe àlùwàlá, ó padà wá, ó fọwọ́ lé Kùránì Bàbá. Ó búra pé kò sí àìsàn kankan lára ọkọ̀ náà nígbà tí òun gbé e fún mi. Bàbá ń wo ilẹ̀.

Mi ò gbà á gbọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mẹ́rìnlá lápò, kí ni ìbúra kan fún un?

Ọjọ́bọ̀, 18 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo sọ fún Tàíbátù tó ń ta kókó, ògì gbígbóná, lẹ́nu ọ̀nà wa. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín pọ̀ láti ilé kéwú. Mo pe Sàbíù ní Alhaji Bíi-Tuntun. Tàíbátù rẹ́rìn-ín títí ìgbákọ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí oòrùn tó mú, ẹni méjì ti bi mí ní títì bí Alhaji Bíi-Tuntun ṣe wà. Kókó Tàíbátù máa ń tètè tà.

Jímọ̀, 19 Sẹ̀tẹ́ńbà

Bàbá ní kí n má dààmú nípa ọkọ̀, ìwòsàn ń bọ̀. Mo ní àmín. Mo ń bẹ awakọ̀ fún tọ̀la, bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Ọjọ́ Ajé, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà

Abossey Okai. Wọ́n júwe obìnrin kan fún mi tó jẹ́ pé gíà ọtọmátíìkì nìkan ló ń tún ṣe. Zuweira ni orúkọ rẹ̀. Ó ki híjáàbù bọ inú ọrùn aṣọ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo dé ìgúnpá. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fa géèjì jáde, ó nù ún sára àkísà funfun, ó gbé e sójú mi.

Pupa ló yẹ kí epo gíà jẹ́, pupa tó mọ́ bíi sóbóló, omi ìṣápá tí a máa ń mu. Ohun tó wà lórí àkísà náà dà bíi sóbóló tí wọ́n da mílíìkì sí, ó tún ń hó. Zuweira ní, "Ruwa ne." Omi ni. Ó ṣàlàyé fún mi ní Hausa bí ẹni ń kọ́ ọmọ kékeré: epo gíà máa ń gba inú rédíétọ̀ kọjá kó lè tutù, omi ẹ́ńjìnnì sì wà níbẹ̀, ògiri tín-ín-rín kan ló pààlà sáàárín wọn. Tí ògiri yẹn bá lu, omi á wọ epo, epo á hó, gíà ò ní rí agbára fi ti ọkọ̀. Ó ní ká pààrọ̀ rédíétọ̀, ká fi epo tuntun fọ gíà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní tí fítà àkọ́kọ́ bá ti gbé gíábọ́ọ̀sì mìíràn sí i láìpààrọ̀ rédíétọ̀, ìyẹn náà ì bá kú. Inú mi dùn. Mástà Awu ì bá rí òkú méjì sin.

Mo bi í bóyá ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi ti mọ̀. Ó ní ògiri rédíétọ̀ lè lu lọ́jọ́kọ́jọ́, kò sí ẹni tó lè mọ̀. Mo gbọ́ ọ. Mi ò tún gbólóhùn yẹn sọ fún ẹnì kankan.

Ọjọ́bọ̀, 25 Sẹ̀tẹ́ńbà

Sisí ti jí! D ni mo fi í sí, ó lọ wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Mástà Awu kọjá lẹ́ẹ̀mejì, mo fọn fèrè. Ó juwọ́ sí mi. Kò dá òkú rẹ̀ mọ̀.

Jímọ̀, 26 Sẹ̀tẹ́ńbà

Sàbíù wá kí Bàbá lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mo ń dín ẹja lẹ́yìn ilé, mi ò mọ̀ pé ó ti wà níta tipẹ́. Nígbà tó wọlé wá, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó gbé egungun ẹja mì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ yẹn." Mo ké sókè kí àwọn ará ilé lè gbọ́, mo ní, "Alhaji Bíi-Tuntun, mi ò ra fíríìjì lónìí o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sàbíù yí padà. Ó lọ láìjẹun. Ẹja tó fẹ́ràn ni.

Ọjọ́ Ajé, 29 Sẹ̀tẹ́ńbà

Tàíbátù ní Alhaji kan ní Madina tó fẹ́ ra ọkọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ Sàbíù ti yẹ àdéhùn. Ó gbọ́ pé arẹ́nijẹ ni, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ló sọ ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀. Mo yọ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó ronú, ó fò. Mo fa géèjì jáde fúnra mi, mo nù ún. Sóbóló àti mílíìkì.

Rédíétọ̀ tuntun! Mo jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ìkó-àga, mo fẹ́ sunkún, mo wá rántí pé Tàíbátù ń wò mí.

Ọjọ́bọ̀, 2 Òkítóbà

Zuweira bínú. Kì í ṣe sí èmi, sí Sisí ni. Ó ti ń ṣe gíà fún ọdún mẹ́rìnlá, kò sí ọkọ̀ tó padà wá bá a rí pẹ̀lú àìsàn kan náà. Ó tú rédíétọ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ó rì í bọ omi. Kò sí ihò kankan. Ó ní nígbà náà, omi yìí ò ti inú ọkọ̀ wá. Láti ìta ni.

Ó fa epo jáde sínú ọpọ́n, ó gbé e sí imú. Ó dúró. Ó tún gbé e sí imú. Ó wò mí. "Wa ke zuba turare a nan?" Ta ló ń da lọ́fínńdà síbí? Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó gbé ọpọ́n náà sí mi nímú. Róòsì. Gíábọ́ọ̀sì mi ń rùn bí ìyàwó tuntun.

Ó sẹ́ epo náà sórí aṣọ funfun. Ohun dúdú kan kù síbẹ̀, ó ṣù. Ó gbé irin òòfà sí i. Kò fà, kì í ṣe irin. Ó fi ìka pa á: ó dúdú bí èédú, ó lẹ̀ bí oyin. Ó bi mí pé ilé ta ni ọkọ̀ yìí ń sùn. Mo ní ilé bàbá mi. Ó ní kí ni iṣẹ́ bàbá mi. Mo ní alfa ni.

Zuweira jókòó sórí táyà, ó rẹ́rìn-ín, ó fi apá nu omijé, epo kùn ún lójú. "Rubutu ne," ó ní. Rubutu. Ohun tí àwa ń pè ní hàntú: tí alfa bá fi tàdáà kọ ẹsẹ Kùránì sórí wàláà, tí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n da oyin àti lọ́fínńdà sí i, kí aláìsàn mu ún.

Ó ní kí n gbé ọkọ̀ lọ. Pé kí n lọ bá dókítà mi sọ̀rọ̀ kí òun tó fọwọ́ kàn án mọ́.

Jímọ̀, 3 Òkítóbà

Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé lẹ́yìn Àsárì. Mo fẹ́ kó jẹ́ irọ́.

Bàbá jáde. Kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kan, bútà lọ́wọ́ kejì, àrọ tí wọ́n fi aṣọ funfun wé lábíyá. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi ṣì máa ń bá a jà. Wọ́n fa géèjì, wọ́n fi etí agbádá wọn nù ún. Bísímílà. Wọ́n ń dà á díẹ̀díẹ̀, ẹnu wọn ń gbọ̀n.

Mo jáde lọ bá wọn. Mo ní Bàbá, kí lẹ ń ṣe? Wọn ò ta gìrì. Wọ́n dáhùn bí dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́: Yáásínì lẹ́ẹ̀mẹta, Àyátúl-Kúrúsíyù lẹ́ẹ̀meje, oyin, lọ́fínńdà díẹ̀. Sàbíù ló ní ibẹ̀ ni ẹ̀mí ọkọ̀ wà. Jímọ̀ àkọ́kọ́, ife kan ni àwọn dà sí i, fún ààbò. Nígbà tí mo ní ó ń lọ́ra, àwọn fi kún un. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ wálé, àwọn sọ ọ́ di ife méjì. Wọ́n ní ìgbà tí ọkọ̀ gbé ìyá mi lọ sí Kumasi tí kò gbé e padà, àwọn ò ṣe nǹkan kan fún ọkọ̀ yẹn. Àwọn ò ní jẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi.

Wọ́n wo inú àrọ, wọ́n wò mí. "Jàmílá, ṣé kò tó ni?"

Mo ní ó ti tó, Bàbá. Mo ní Sisí ti yó. Mo gba bútà náà lọ́wọ́ wọn, mo lọ gbé e pamọ́. Mo sunkún ní balùwẹ̀, mi ò mọ ẹni tí mo ń sunkún fún. Sàbíù fi Kùránì búra níwájú ẹni tó ṣe é, òtítọ́ ló sì sọ.

Àbámẹ́ta, 4 Òkítóbà

Mo jí, ẹ̀rín sì gbá mi mú. Mi ò lè ṣe é. Mo rántí àrọ tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. Mo rántí gíábọ́ọ̀sì tó ń mu oyin ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Mo lọ ra kókó, Tàíbátù ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín láàárọ̀ kùtù. Mo sọ fún un. Òun nìkan. Mo ní kó má sọ fún ẹnì kankan o. Mo ṣe bí Bàbá ṣe ń da hàntú sí ihò, mo fi ìgbákọ rẹ̀ ṣe àrọ. Mo pe Bàbá ní Alfa Gíà. Tàíbátù ní kí n má pa òun. Ó dáa kí èèyàn rẹ́rìn-ín lẹ́yìn irú ọ̀sẹ̀ yìí. Lọ́la ni màá lọ bẹ Sàbíù.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Òkítóbà

Mo bá Sàbíù nídìí ọkọ̀ rẹ̀ ní Darkuman. Kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀. Ó ń nu gíláàsì ọkọ̀ tó ti mọ́. Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi. Ó gbé mi dìde kíákíá, ó ní èèyàn ń wò wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: hàntú, oyin, ife méjì.

Kò yà á lẹ́nu. Ó ti mọ̀ láti Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì sẹ́yìn. Ó bá Bàbá níta pẹ̀lú bútà lọ́jọ́ tí mo ń dín ẹja. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ní ṣé kò rí i pé ara ọkọ̀ ti ń yá ni. Ohun tó fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni pé kí n dá Sisí padà fún òun, kí òun fún mi ní onígíà ọwọ́ dípò rẹ̀, èyí tí kò ní ihò kankan tí Bàbá lè rí. Òun á sọ pé òótọ́ ni, pé ọkọ̀ náà ò dáa. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Mo ní kí ló dé tí kò kàn sọ òótọ́ fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹnu yín ni mo bẹ̀rù. Tí ẹ bá pè mí ní olè, màá kó àwọn ọkọ̀ yìí lọ sí Kasoa, màá máa tà á níbẹ̀. Níbo ni Bàbá fẹ́ kó wàláà wọn lọ?"

Ó wá bi mí bóyá mo ti sọ fún ẹnì kankan. Mo ní rárá.

Mo sáré wá bá Tàíbátù. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àfi ọkọ òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Òkítóbà

Zuweira tú gíà palẹ̀. Ó pààrọ̀ àwọn pléètì tí omi ti jẹ, ó fọ gbogbo ojú ọ̀nà epo tí oyin ti dí. Ó da epo tuntun sí i, pupa tó mọ́. Ó ní kò ní fún mi ní wàhálà mọ́. Mo ní kó má sọ ohun tó rí fún ẹnì kankan ní Abossey Okai. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. Ó ní òun kì í sọ̀rọ̀ oníbàárà.

Ọjọ́rú, 8 Òkítóbà

Ọkọ Tàíbátù máa ń jókòó nídìí mai-shayi, níbi tí gbogbo ọkùnrin àdúgbò ti ń mu tíì lẹ́yìn ìrun. Mo gba ibẹ̀ kọjá lónìí. Wọ́n dákẹ́ nígbà tí mo dé. Mo gbọ́ ẹ̀rín nígbà tí mo kọjá tán.

Ọjọ́bọ̀, 9 Òkítóbà

Mo wa Sisí lọ, mo wà á bọ̀. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Bàbá ti mọ́sáláṣí dé lẹ́yìn Àsárì, inú wọn dùn. Wọ́n jókòó sórí búúzù awọ àgùntàn wọn, wọ́n pè mí. Wọ́n ní àwọn tó wà nídìí mai-shayi dìde kí àwọn lónìí, gbogbo wọn pátá, wọ́n ń pe àwọn ní Alfa Gíà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó jọ pé àdúgbò ti gbọ́ nípa iṣẹ́ tí àwọn ṣe lára ọkọ̀ mi. Wọ́n bi mí pé ta ló sọ fún wọn.

Mo ní mi ò mọ̀, Bàbá.